Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Kí la fẹ́ gbé lọ bá ẹni tí ogun lé dé bọ́dà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti kọ ọ́ síbí lóṣù tó kọjá pé mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Medyka, ní bọ́dà Pólàndì àti Ukraine, lóṣù kẹta ọdún 2022, lẹ́tà ò yéé wọlé. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mẹ́rin ni mo mú. Àwọn tó kù, ẹ má bínú, ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú yín wà nínú ti ẹlòmíì.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa ìyá ìjọ wa ti kó aṣọ jọ fún àwọn ogunléndé, báàgì ńláńlá tó lé ní ogójì, kóòtù, bàtà, aṣọ ọmọdé, ó ti kún gbọ̀ngán. A fẹ́ háyà fáànù ká wà á lọ sí bọ́dà fúnra wa bí ẹ̀yin náà ṣe lọ. Ọkọ mi ní ká tà á ká fowó ránṣẹ́, mo ní ìyẹn ò fi ojú àánú hàn. Ta ló jàre? Ìyá Ìbejì, Peckham*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá, Olúwa á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ọkọ yín ló jàre, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí.

Ọjọ́ tí mo dé Medyka, bọ́ọ̀sì ló gbé mi débẹ̀ láti Przemyśl, ìyẹn ìlú tó sún mọ́ bọ́dà yẹn. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ bá kì í ṣe èèyàn, òkìtì aṣọ ni. Ọ̀tún, òsì, láti ẹnu géètì táwọn èèyàn ń gbà jáde, aṣọ ni, ó ga tó èèyàn níbòmíì. Yìnyín ti rọ̀ lé e, ó ti yọ́, ó ti rin, òtútù òru wá mú un títí ó fi gan paali bíi pánla. Mo rí bàtà gogoro níbẹ̀. Mo rí aṣọ òde aláràbarà, nínú òtútù yẹn o. Àwọn ogunléndé ń gba orí ẹ̀ kọjá, wọn ò tiẹ̀ wo ilẹ̀, àwa tó yẹ ká máa gbé ọmọ gba ọwọ́ ìyá, àwa là ń fi wákàtí méjì, mẹ́ta palẹ̀ aṣọ mọ́.

Kì í ṣe pé àwọn tó kó o wá burú. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kejì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó sá kúrò ní Ukraine ti tó mílíọ̀nù kan, Pólàndì sì ni èyí tó ju ìdajì wọn gbà wọlé. Gbogbo ayé ló ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń kó ohun tọ́wọ́ wọn bá, wọ́n ń wakọ̀ láti Jámánì, láti Netherlands, láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí. Àánú ló gbé wọn débẹ̀, ohun tí wọ́n ní nílé ni wọ́n gbé wá. Ohun tí ẹni tó ń kọjá ò ní ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹ wò ó, obìnrin tó ti dúró lórí ìlà láti àná, tó gbé ọmọ lọ́wọ́ kan, tó ń fi ìkejì fa báàgì, tó wọ kóòtù ẹ̀ kúrò nílé, ibo ló fẹ́ gbé kóòtù kejì sí? Àmọ́ nǹkan oṣù ẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà yẹn, kò sì sí páàdì. Pámpásì ọmọ ti tán. Ìbọ̀sẹ̀ ti tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ẹ̀ wà lórí tábìlì nílé, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Fóònù ẹ̀ ti kú.

Fóònù yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì mi, obìnrin kan jáde, ọmọdébìnrin kan dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mo sáré gbé ọbẹ̀ gbígbóná fún un, ó mi orí. Mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá, ó mi orí. Mo gbé bèbí wá fún ọmọ, ọmọ gbà á, ìyá ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa. Èmi ti ń rò ó pé bóyá ìpayà ni, pé bóyá kí n lọ pe dókítà, ló bá gbé fóònù ẹ̀ sókè, ojú ẹ̀ dúdú, ó fi ìka tọ́ ihò tí wọ́n ń ki ṣájà sí. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́yìn, torí ìjọba Ukraine ò jẹ́ kí ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 18 sí 60 jáde, kò sì tíì gbúròó ẹ̀ láti àárọ̀ àná. Mo mú ṣájà tèmi jáde, ẹnu ẹ̀ ò bá a mu. Mo ń ti tẹ́ǹtì kan bọ́ sí tẹ́ǹtì kejì bí ẹni orí ẹ̀ yí, ọ̀dọ́kùnrin ará Pólàndì kan ló yọ tiẹ̀ lára jẹnẹrétọ̀ tó fún mi. A jókòó ti dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń dáná igi sí, fóònù yẹn lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó lajú. Bó ṣe lajú báyìí, mẹ́sẹ́ẹ̀jì ń wọlé kì-kì-kì. Ó kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ gba ọbẹ̀ yẹn, ó ti di, gbogbo ẹ̀ ló mu.

Àwọn ìyá ará Pólàndì kan náà wà tó to kẹ̀kẹ́ ọmọdé sí orí pèpéle reluwé ní Przemyśl lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ̀kẹ́ lóríṣiríṣi, fótò ẹ̀ káyé. Inú mi ń dùn tí mo bá rántí, torí àwọn yẹn jókòó wọ́n ronú, wọ́n ní kí ni abiyamọ ò ní lè gbé wọ reluwé tó kún fọ́fọ́? Ohun tí wọ́n wá gbé sílẹ̀ nìyẹn.

Nísinsìnyí, ti fáànù. Látìgbà tí ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú European Union, ẹrù tí ẹ bá dì láti London máa ń ní ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù, kì í ṣe ká ṣáà kó o sẹ́yìn ọkọ̀ ká máa lọ, àwọn kan há sójú ọ̀nà nítorí ẹ̀. Ẹ ṣírò owó háyà, owó epo, owó ọkọ̀ ojú omi, àlọ àti àbọ̀. Kò sí ogun ní Pólàndì o, ṣọ́ọ̀bù kún ibẹ̀, owó yẹn lè ra páàdì àti oògùn lójúlé kejì sí ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Aṣọ tẹ́ ẹ ti kó jọ ò ní ṣòfò: àwọn ará Ukraine tí ìdílé níbí gbà sílé lábẹ́ ètò Homes for Ukraine wà káàkiri London, ẹ wá wọn kàn, ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà bàtà ọmọ wọn, ìyókù kẹ́ ẹ tà á. Ẹ sọ fún bàbá pé mo kí wọn.

*Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ò dùn sí i. Ọmọ àbúrò mi ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Kharkiv nígbà tí ogun dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fà á sílẹ̀ nínú reluwé, ó dúró lórí ìlà bọ́dà fún ọjọ́ méjì nínú òtútù, tí wọ́n ń fi àwọn aláwọ̀ funfun ṣáájú. Ẹ̀yin wá lọ ń fún wọn ní tíì mu. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn lára wa ṣá? Bàbá kan l'Óṣogbo*

Bàbá, mo kúnlẹ̀, sà. Mi ò ní sọ fún yín pé kò ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ukraine nígbà yẹn tó bíi 4,000, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù, àwọn ọmọ yẹn sì ń fi fóònù ya ohun tójú wọn ń rí ránṣẹ́ sílé. Ìjọba Buhari sọ̀rọ̀ lé e lórí ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà fọhùn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní dídá tí wọ́n ń dá ọmọ Áfíríkà dúró ní bọ́dà torí àwọ̀ ara ẹ̀, ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbáà ni. Kharkiv sí Lviv, ìlú tó sún mọ́ bọ́dà Pólàndì, tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, bàbá. Ẹni tó bá rìn ín pẹ̀lú ebi, tí wọ́n tún wá ní kó bọ́ sẹ́yìn, ọgbẹ́ ẹ̀ ò ní tètè jinná, mi ò sì ní bẹ ọmọ yẹn pé kó gbàgbé. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ibi tí mo dúró sí. Ilé méjì ni bọ́dà. Ẹ̀gbẹ́ Ukraine ni ìlà gígùn yẹn wà, ibẹ̀ ni ìyàsọ́tọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ Pólàndì lèmi wà, lẹ́nu géètì, ẹni tó bá ti jáde sí wa ni tiwa. Mo mú páálí kan, mo fi máákà dúdú kọ Ẹ KÁÀBỌ̀ sí i gàdàgbà, mo wé gèlè àǹkárá mọ́ fìlà òtútù mi, mo gbé páálí yẹn dání lójoojúmọ́. Ará Pólàndì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé kí ni mo kọ, mo ní ẹni tó máa kà á á mọ̀ ọ́n kà.

Ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan dúró sójú ọ̀nà lójijì, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ń kọlù ú. Ó ń wo páálí. Ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó ní "Ẹ káàsán mà", ló bá dọ̀bálẹ̀, gbalaja, nínú ẹrẹ̀ tó pò mọ́ yìnyín. Mo ní dìde, dìde jọ̀ọ́, kò lè dìde, ẹkún ló ń sun. Nígbà tá a gbé e jókòó, bàtà ẹ̀ ti là lábẹ́, ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù ló fi wé ẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyá àgbà kan wà ní tẹ́ǹtì wa, ará Przemyśl, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ yìí, ó tú ọ̀rá yẹn, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì sí àyà ara ẹ̀ lábẹ́ kóòtù, ó dì í mú síbẹ̀. Èmi ń tẹ ìyá ọmọ láago n'Ílọrin. Ìyá ò bi í ní nǹkan kan ju "ṣó o ti jẹun?" lọ, ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni mà, kò sì tíì jẹ nǹkan kan.

Bàbá, mi ò sọ èyí kí ohun tí ìyá àgbà yẹn ṣe lè pa ohun tí àwọn tọ̀hún ṣe rẹ́. Kò pa á rẹ́. Àmọ́ obìnrin tí fóònù ẹ̀ kú yẹn kọ́ ló fa ọmọ yín sílẹ̀ nínú reluwé, mi ò lè gbé tíì dání kí n máa wo àwọ̀ kí n tó bù ú, ohun tí wọ́n fi dun ọmọ wa náà nìyẹn. Ká ní kò sí dúdú kankan lẹ́nu géètì yẹn ni, ta ni ì bá gbọ́ "ẹ káàsán mà"?

Nǹkan kan tún wà tí tíì àti ọbẹ̀ ò lè yanjú, òun ló sì dùn mí jù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, European Union ṣí òfin ààbò onígbà díẹ̀ fún àwọn tó sá kúrò ní Ukraine, òfin tó ti wà láti 2001 tí wọn ò lò rí: ará Ukraine lè dúró, ó lè ṣiṣẹ́, ọmọ ẹ̀ lè lọ síléèwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ mìíì, púpọ̀ nínú wọn ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Pólàndì fún wọn. Bọ́ǹbù kan náà ni gbogbo wọn sá fún o. Torí náà ẹni tó mọ òfin wúlò fún àwọn ọmọ wa ju ẹni tó gbé oúnjẹ wá lọ, ẹni tó máa sọ fún wọn pé ìwé báyìí ni kó o mú dání, ọkọ̀ òfuurufú ìjọba ti ń kó èèyàn lọ sílé, àkọ́kọ́ ti balẹ̀ l'Ábújá lọ́jọ́ 4 yẹn náà, tó ò bá fẹ́ lọ, ọ̀nà tó kù rèé. Àwọn obìnrin dúdú mẹ́ta kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Tokunbo Koiki tó jẹ́ ọmọ wa wà nínú wọn, dá Black Women for Black Lives sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kówó jọ, wọ́n ń fi ránṣẹ́ tààrà sọ́wọ́ àwọn ọmọ tó há sọ́nà, fún ọkọ̀, fún ibi tí wọ́n máa sùn. Wọn ò dúró de ìjọba kankan. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, sà.

*Ẹ̀gbọ́n mà, ẹ káàárọ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mò ń ṣe máásítà ní Leeds, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní. Mo fẹ́ lọ yọ̀ǹda ara mi ní bọ́dà ní họlidé. Mi ò gbọ́ èdè wọn, mi ò sì kọ́ṣẹ́ dókítà. Ṣé mo lè wúlò? Àbúrò yín*

Àbúrò mi, o máa wúlò. Ṣùgbọ́n físà ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ò lè gbé ẹ wọ Pólàndì, físà Schengen tí Pólàndì wà lábẹ́ ẹ̀ lo máa gbà, tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, má jẹ́ kó jẹ́ pápákọ̀ òfuurufú lo ti máa mọ̀. Èkejì, Medyka òní kì í ṣe ti 2022, ìlà yẹn ti tú, àwọn tẹ́ǹtì ti wọlé. Torí náà má kàn gbéra. Kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti nílò ọwọ́, ó lè jẹ́ sítọ́ọ̀ ni wọ́n máa gbé ẹ sí, níbi tó ò ti ní rí ogunléndé kan lójú. Lọ bẹ́ẹ̀.

Torí iṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ ilé ni. World Central Kitchen, ẹgbẹ́ tó ń se oúnjẹ fún àwọn tí àjálù bá, tí alásè José Andrés dá sílẹ̀, ń gbé oúnjẹ gbígbóná jáde níbẹ̀ tọ̀sán tòru nígbà yẹn, ẹni tó ń bó ọ̀dùnkún lẹ́yìn pọ̀ ju ẹni tó ń bu ọbẹ̀ níwájú lọ. Èmi gbálẹ̀, mo da ìdọ̀tí nù, ọ̀sán kan odindi mo dúró lẹ́nu ilé ìgbẹ́ tí mò ń pín bébà tí mò ń nu ilẹ̀, mi ò rò pé mo ṣiṣẹ́ tó wúlò jùyẹn lọ. Èdè? "Proszę", ìyẹn jọ̀ọ́ lédè Pólàndì, "dyakuyu", ìyẹn ẹ ṣeun lédè Ukraine, ìyókù ojú àti ọwọ́ á sọ ọ́. Má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Tó bá fẹ́ sọ, jókòó. Má ya ọmọ ọlọ́mọ ní fótò, kódà tó bá ń rẹ́rìn-ín.

Kí n tó gbàgbé, má gbé obìnrin kankan sínú mọ́tò tí wọn ò bá tíì kọ orúkọ ẹ sílẹ̀. Obìnrin àti ọmọdé ló ń jáde, ọkọ wọn ò sí ńbẹ̀, àwọn èèyàn sì dúró síbẹ̀ tí wọ́n gbé páálí dání, àyè mẹ́rin wà nínú ọkọ̀ mi, Berlin, ọ̀fẹ́. Púpọ̀ wọn lóore lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ẹrú ayé òde òní náà lè gbé páálí, páálí yẹn kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà ní ilé ìtajà Tesco àtijọ́ tí wọ́n sọ di ibùdó ogunléndé ní Przemyśl, nígbà yẹn, wọ́n máa ń so okùn mọ́ dẹ́rẹ́bà lọ́rùn ọwọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó gbé èèyàn. Àwọn kan ń bínú pé wọ́n ń fi àwọn wé olè. Tó bá kàn ẹ́, na ọwọ́, jẹ́ kí wọ́n so ó.

*Ẹ̀gbọ́n, Sudan ńkọ́? Kí ló dé tó jẹ́ ti àwọn òyìnbó nìkan lẹ ń sọ? Ọmọ Ìsẹ́yìn, Houston*

Òótọ́ lo sọ, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú. Ogun ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023. Àwọn ará El Geneina ní Darfur fẹsẹ̀ rìn dé Adré ní ilẹ̀ Chad, ó tó 30 kìlómítà, wọ́n ń yìnbọn fún wọn lójú ọ̀nà. Ìlú kékeré ni Adré, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó tó di pé ogun dé ò ju bíi 40,000 lọ, ogunléndé tó wá bá wọn ti lé ní 200,000. Kò sí José Andrés tó kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn ará Adré fúnra wọn ló kọ́kọ́ bu omi fún wọn, torí ẹ̀yà Masalit wà ní ẹ̀gbẹ́ bọ́dà méjèèjì, bí àwa náà ṣe wà n'Ídìrókò tá a tún wà ní Kétu, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Ní Sudan gan-an, àwọn ọ̀dọ́ tó ti wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò nígbà tí wọ́n lé Bashir kúrò lórí oyè lọ́dún 2019, àwọn ló dá ohun tí wọ́n ń pè ní Emergency Response Rooms sílẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, wọ́n ń dáná sínú ìkòkò ńlá lójú títì, ẹ̀wà àti lẹ́ńtì, ẹni tó bá gbé abọ́ wá á gbà. Wọ́n ń mú wọn, wọ́n ń pa wọ́n, àwọn tó kù ò pa iná. O ò lè wa fáànù débẹ̀, bọ́dà Adré fúnra ẹ̀, wọ́n ti í fún oṣù mélòó kan ní 2024 kí wọ́n tó ṣí i padà fún ẹrù ìrànwọ́ lóṣù kẹjọ. Owó ló lè dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ará Sudan tó wà lókè òkun ló ń fi ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà ní Houston tó o wà yẹn, lọ bá wọn, bi wọ́n ní iye tí ìkòkò kan ń gbà lójúmọ́.